Ṣé o mọ̀? Sípánà kan wà tó mọ ìgbà tó tó

Bí mẹkáníìkì bá gun wíìlì sípánà mọ́lẹ̀ ní Ṣàpọ́n, l'Abẹ́òkúta, tó ní "ó ti le", ìwúwo ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Sípánà tọ́ọ̀kì kì í fojú díwọ̀n. Conrad Bahr, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka omi ìlú New York, ló ṣe é lọ́dún 1918, torí bóòtù páìpù tí wọ́n ń fún jù.

Nọ́ọ̀tì táyà Corolla púpọ̀ ń fẹ́ 103 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọ̀n agbára ìyí). Púlọ́ọ̀gì kì í sábà ju bíi 30 lọ. Ẹyọ kan ò lè ṣe méjèèjì dáadáa. Fún táyà, ra èyí tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ½ ínṣì, tó ń kà dé 200.

Èyí tó ń dún ni mo fẹ́ràn jù: yí i sí 103, rọra fà á, ó dún "kẹ́!", ó parí. Bí o bá tún fà á, o ti di mẹkáníìkì tó ń gun sípánà nìyẹn.

Má fi tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà o. Bí o bá ṣe tán, dá a padà sí nọ́ńbà tó kéré jù, kí sípíríǹgì inú rẹ̀ sinmi. Nọ́ńbà tí nọ́ọ̀tì ọkọ̀ tìrẹ ń fẹ́ wà nínú ìwé ọkọ̀ náà.