Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ó Pọ́n Jù Kì Í Ṣe Ohun Àdànù

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò yá bù ṣán, ọmọ burúkú kò yá lù pa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí òwe yìí ń wí ni èyí tí kò tíì pọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ́n kọjá ààlà ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí èèpo rẹ̀ bá di dúdú ní ti gidi, tí ara rẹ̀ sì rọ̀, àwọn oníbàárà a máa yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ní Abúlé Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, àti ní ọjà Ilé-Epo ní Òkè-Odò tí ó wà nítòsí ibẹ̀, irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹ́kù sí àwọn tí ń tà á lọ́wọ́. Bí a kò bá rí ẹni rà á, ààtàn ni a ń dà á sí, owó tí a fi rà á a sì di òfò. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n kíákíá tó bẹ́ẹ̀? Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣàlàyé pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń pọ́n, a máa tú atẹ́gùn kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene. Ojú kò lè rí atẹ́gùn yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sí àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìdí nìyí tí odidi apẹ̀rẹ̀ kan fi lè pọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí kò tíì pọ́n, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí èèpo rẹ̀ bò ni sítáàṣì. Bí ó ti ń pọ́n ni sítáàṣì náà ń di ṣúgà, títí yóò fi ku ìwọ̀nba díẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí oníbàárà ń sá fún un gan-an ni adùn rẹ̀ pọ̀ jù lọ.

Àwọn Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Ní Ìkirè, ìlú tí ó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà tí ó ti rọ̀ ni àwọn obìnrin ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, tí wọ́n sì ń mọ ní roboto tà fún àwọn arìnrìn-àjò. Òun ni dòdò Ìkirè tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Àwọn ará Gánà náà a máa po irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun àti ata. Èyí tí wọ́n dín ni tatale, èyí tí wọ́n yan sì ni ofam. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ápù tí ó bá pọ̀ lápọ̀jù ní ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń fi ṣe kéèkì. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní àwọn ọdún 1930 tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn há, kéèkì ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbilẹ̀ nínú àwọn ìwé oúnjẹ wọn.

Kò ṣòro láti ṣe irú kéèkì yìí. Ohun tí a ó wá ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí ó rọ̀ dáradára, ìyẹ̀fun àlìkámà gíráàmù 250, bọ́tà gíráàmù 125, ṣúgà gíráàmù 100, ẹyin méjì, iyọ̀ díẹ̀, àti bẹ́kìn páúdà ṣíbí kékeré méjì. A ó kọ́kọ́ po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, kí a tó lu ẹyin sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà títí yóò fi kúnná, a ó sì dà á sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó da ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti bẹ́kìn páúdà sí i, a ó sì rò ó níwọ̀nba, nítorí pé àròjù a máa mú kéèkì le. A kò ní fi omi sí i, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní omi tirẹ̀. Ṣúgà pẹ̀lú kò ní láti pọ̀. Bẹ́kìn páúdà ni yóò tú atẹ́gùn sínú rẹ̀ nígbà tí omi àti ooru bá kàn án, tí kéèkì yóò fi wú.

Ẹni tí kò ní ààrò ìyan-búrẹ́dì lè lo ìkòkò ńlá. Yóò da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò gbé e ka iná títí iyanrìn náà yóò fi gbóná, yóò sì gbé páànù kéèkì tí ó ti fi bọ́tà pa lé e lórí, kí ó tó dé e. Bí ó bá kó ẹyín iná díẹ̀ sórí ọmọrí, òkè kéèkì yóò pọ́n bí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí kan, yóò ti igi tín-ín-rín bọ àárín rẹ̀. Bí igi náà bá jáde ní gbígbẹ, kéèkì ti jinná.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù yàtọ̀ sí èyí tí ó ti rà. Èèpo dúdú nìkan kì í ṣe àmì ìbàjẹ́. Inú ni ó yẹ kí a wò. Bí inú bá mọ́, tí ó sì ń ta sánsán, ó dára. Bí ó bá ń ṣomi, tí ó ń rùn bí ọtí kíkan, tàbí tí ó ti bu, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ nù. Májèlé tí ó wà nínú àwọn ohun mìíràn tí ó bu kì í kú nínú iná. Ẹni tí ó fi èso rírà ṣe kéèkì nítorí kí owó rẹ̀ má baà ṣòfò lè fi ìlera àwọn ọmọ rẹ̀ dí i.

Ọ̀nà yìí kò mọ sí orí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan. Máńgòrò àti ọ̀pẹ òyìnbó tí ó ṣẹ́kù ṣe é lò bákan náà, ṣùgbọ́n nítorí pé omi wọn pọ̀, a ó kọ́kọ́ sè wọ́n títí wọn yóò fi ki. Ní ọdún 2011, FAO, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí a ń pèsè fún ènìyàn lágbàáyé ni ó ń ṣòfò lọ́dọọdún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ orí ààtàn wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ ti làágùn kí ó tó gbìn ín, ọkọ̀ ti jó epo kí ó tó gbé e dé ọjà, ìyálọ́jà sì ti ná owó kí ó tó pàtẹ rẹ̀. Kò tọ́ kí gbogbo làálàá wọ̀nyí já sí asán nítorí pé èèpo dúdú.