Bí Ohun Ìdíhò Aláwọ̀ Eyín Ṣe Di Ohun Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Eyín

Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn oníṣègùn eyín fi ń fi àmágàmù dí ihò eyín, ìyẹn àdàlù fàdákà, tánganran àti bàbà tí wọ́n fi mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, pò. Àmágàmù kì í lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti gbẹ́ ihò náà kí inú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, bíi ti ìkòkò, kí irin má baà yọ, wọ́n sì ń tipa bẹ́ẹ̀ gé ara eyín tí kò ní àrùn kankan dànù.

Ní 1955 ni Michael Buonocore, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, fi ásíìdì pa ojú eyín fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tó sì rí i pé résìnì, ike olómi tó máa ń gan, di ibẹ̀ mú gírígírí. Ásíìdì yìí ló ń sọ ènámẹ́ẹ̀lì, èèpo líle tó bo eyín, di oníhò wínníwínní, tí résìnì fi ń wọnú rẹ̀ lọ, tó sì ń gan síbẹ̀ bí gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ní 1962, Rafael Bowen gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú résìnì kan tó pò mọ́ lúbúlúbú sílíkà, ohun tó wà nínú iyanrìn, èyí tó di ìpìlẹ̀ ohun ìdíhò aláwọ̀ eyín. Dẹ́ńtìnì, tó wà lábẹ́ ènámẹ́ẹ̀lì, ló fa wàhálà jù, torí pé omi wà nínú rẹ̀. Ọdún 1982 ni Nobuo Nakabayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tó ṣàlàyé ìpele tí résìnì àti dẹ́ńtìnì ti wọra wọn.

Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2013, ti ń ti àmágàmù sẹ́yìn. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ irin tí kò ní àbùkù nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan, torí pé yíyọ rẹ̀ ń tú oru mẹ́kúrì jáde, ó sì ń gé eyín sí i. Bí irin náà bá ti sán, tàbí tí eyín ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ di mìíràn. Nígbà náà ni oníṣègùn yóò fi rọ́bà fẹ́lẹ́ ya eyín náà sọ́tọ̀ kúrò lára itọ́, yóò sì fọ ibẹ̀ dáadáa, torí pé ìpẹtà irin lè ti kun dẹ́ńtìnì dúdú, kí ìlẹ̀mọ́ sì dín kù níbẹ̀. Lẹ́yìn ásíìdì àti résìnì, yóò máa to ohun ìdíhò aláwọ̀ eyín náà ní ìpele-ìpele, lọ́pọ̀ ìgbà ní nǹkan bíi mìlímítà 2, yóò sì máa tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù sí ìpele kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gan.