Físà kò tètè dé: Ọkọ wà l'Amẹ́ríkà, ìyàwó wà ní Gowon Estate

Ẹni tó bá ń gbé ní Gowon Estate, l'Ẹ̀gbẹ́dá, á mọ̀ pé àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé inú fóònù ni bàálé ilé ń gbé. Ìyá ló ń sanwó iléèwé, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òun náà ló ń dáhùn táwọn ọmọ bá béèrè pé, "Mọ́mì, ìgbà wo la máa lọ bá Dádì?"

Kì í ṣe pé ọkọ já wọn jù sílẹ̀ o. Òfin ló fà á. Ẹni tó bá ti di ọmọ onílùú l'Amẹ́ríkà lè kọ̀wé pe ìyàwó ẹ̀, kò sí pé iye èèyàn tó ń wọlé lọ́dún ti pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ green card nìkan ló ní, ìyàwó àtọmọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ tò sórí ìlà. Ti ẹ̀gbọ́n àtàbúrò ló wá le jù, ó máa ń ju ọdún 10 lọ.

Wọ́n ṣì wà lórí ìlà yìí ni Donald Trump, nígbà ìjọba ẹ̀ àkọ́kọ́, pàṣẹ pé kí wọ́n má fún ọmọ Nàìjíríà ní físà àtilọ máa gbé ibẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 21, oṣù kejì, ọdún 2020, ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé kò sí ńbẹ̀, ìyàwó tó fẹ́ lọ bá ọkọ ẹ̀ ni wàhálà já lé lórí. Kí wọ́n tó mí, Kòrónà tún dé. Joe Biden fagi lé àṣẹ náà lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021, àmọ́ èrò ti pọ̀ lórí ìlà.

Ewu mìíràn ni ti ọjọ́ orí. Ọmọ tó bá pé ọdún 21 kó tó kàn án lè bọ́ kúrò lórí ìwé òbí ẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2002 ń gba àwọn kan là, kì í ṣe gbogbo wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí, ẹ má ta ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀ torí wọ́n ní físà ti ń bọ̀. Ẹ má kówó fún ajẹ́ńtì tó ní òun mọ èèyàn nínú ẹ́ḿbásì. Ẹ tọ́jú fọ́tò àti rìsíìtì owó tí ọkọ ń fi ránṣẹ́, torí wọ́n lè bi yín ní Victoria Island bóyá ìgbéyàwó yín kì í ṣe ti físà lásán. Kí bàbá náà máa bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ déédéé, kì í ṣe ọjọ́ tówó bá wọlé nìkan. Físà lè pẹ́, ọmọ kì í dúró dè é kó tó dàgbà.