Kérésìmesì Nídìí Háàpù

Ní Wales, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ilé tí háàpù wà kì í dákẹ́. Ẹni tó ni ín lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń ka owó látàárọ̀. Tó bá dalẹ́, tí wọ́n bá ti kó abọ́ oúnjẹ kúrò nílẹ̀, yóò jókòó, yóò fi háàpù ti èjìká ọ̀tún, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Orin Kérésìmesì kan náà ni yóò máa ta ní àtatúnta, títí tí àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò fi mọ ibi tí ìka rẹ̀ ti máa ń kọsẹ̀. Kì í ṣe háàpù ló fi ń jẹun. Ìfẹ́ ló gbé e dé ìdí rẹ̀, ìgbà ọdún sì ni gbogbo àdúgbò máa ń wá a kàn.

Dùùrù tí Bíbélì Yorùbá fi sọ́wọ́ Dáfídì, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ìka ta ni. Àmọ́ lóde òní, ẹni tó bá gbọ́ dùùrù, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń wá sí i lọ́kàn, nítorí náà háàpù la ó máa pe èyí. Telyn ni àwọn ará Wales ń pè é. Òfin àtijọ́ wọn kà á mọ́ ohun mẹ́ta tí ọkùnrin tó níyì kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní: háàpù, aṣọ ìbora àti pátákó ayò. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ náà ní ẹbí rẹ̀, ìyẹn kora àwọn Mandinka, tó ní okùn 21. Ní 2013, Catrin Finch, ọmọ Wales tó ń ta háàpù, àti Seckou Keita, ọmọ Senegal tó ń ta kora, jọ gbé àwo orin kan jáde tí wọ́n pè ní Clychau Dibon.

Háàpù ńlá ní okùn 47 àti pẹ́dà 7. Bí ọwọ́ ti ń ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ pẹ́dà láti gbé ohùn sókè tàbí láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Sébastien Érard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú pẹ́dà yìí ní 1810, òun náà ni wọ́n sì ń lò dòní. Okùn pupa ni C, okùn dúdú tàbí búlúù ni F, kí ojú lè mọ ibi tí ọwọ́ wà. Ìka mẹ́rin lára ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọńdinrín kúrú jù, ó kàn ń wòran ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta háàpù fún ìfẹ́ kì í fi háàpù ńlá yìí bẹ̀rẹ̀. Háàpù kékeré tí okùn rẹ̀ tó 34, tí kò ní pẹ́dà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí irin kékeré lókè okùn, ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Orin tó ń kó wọn jọ ní àsìkò yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ìdí háàpù gan-an ni a ti bí i. Gbogbo ayé mọ ọ́n sí Deck the Halls, orin tó ní fa la la. Ohùn orin Wales kan ni, Nos Galan ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni alẹ́ àìsùn ọdún tuntun. Edward Jones, tí òun fúnra rẹ̀ ń ta háàpù, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé orin Wales tó gbé jáde ní 1794. Ní 1862 ni Thomas Oliphant ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn á yí ká háàpù, ẹnì kan á lé ẹsẹ kan, háàpù á gbè é, ẹlòmíràn á tún gbà á. Ẹni tó bá mọ lílé àti gbígbè nínú orin Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí.

Orin A Ceremony of Carols náà wà, tí Benjamin Britten bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nínú ọkọ̀ ojú omi ní 1942, nígbà tó ń ti Amẹ́ríkà padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lákòókò ogun. Ohùn àwọn akọrin àti háàpù nìkan ló fi kọ ọ́. Nítorí rẹ̀, bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ló ń béèrè ẹni tó ní háàpù.

Àwọn ará ilé ló ń rí wàhálà tó so mọ́ ọn. Háàpù ńlá ga ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ó sì wúwo tó kílò 36. Ọkọ á mú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó ti dàgbà á mú orí, wọ́n á rọra tẹ́ ẹ sẹ́yìn mọ́tò tí wọ́n ti yọ ìjókòó rẹ̀. Àbúrò á gbé àpótí ìjókòó, èyí tó kéré jù á gbé ìwé orin. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ṣáájú àkókò dáadáa, torí pé òtútù ìta àti ooru inú ilé kì í jẹ́ kí okùn dúró síbì kan. Lára okùn náà, ìfun ẹran ni wọ́n fi ṣe púpọ̀. Tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ti mú kí afẹ́fẹ́ ilé gbẹ, okùn lè já lóru, kó dún bí ìgbà tí nǹkan bú, kí gbogbo ilé sì ta jí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á so òmíràn, wọ́n á tún fà á, yóò tún rọ̀, wọ́n á tún fà á.

Ibi tí háàpù títa ti ń dùn jù ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ohùn háàpù rọ̀, kì í dẹ́rù bani. Ìyá àgbà tó ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu bá orin lọ, ẹsẹ kìíní, ẹsẹ kejì, láì wo ìwé.

Ibì kan wà tí háàpù kì í bá wọn dé. Ìsìn orin tí wọ́n ń pè ní plygain, ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ Kérésìmesì tó mọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Nísinsìnyí, ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é. Ìdílé kan á dìde, wọ́n á bọ́ síwájú, wọ́n á kọ orin tí bàbá ńlá wọn ti ń kọ, wọ́n á padà jókòó, ìdílé mìíràn á dìde. Aláháàpù náà á wà láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á wà nílẹ̀.

Tó bá di alẹ́ ọjọ́ 31, mọ́tò á sinmi. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ti sùn, torí pé wọ́n fẹ́ jí lọ gba calennig, ẹ̀bùn ọdún tuntun tí àwọn ọmọdé máa ń fi orin tọrọ láti ilé dé ilé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, tó sì gbọ́dọ̀ parí kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Wọn ò tíì sùn. Nos Galan ni wọ́n ní kí ìyá wọn ta. Wọ́n á gbé èyí tó kéré jù sórí àpótí, ìyá á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á fi okùn pupa kan hàn án. Àwọn yòókù á lé ẹsẹ kìíní. Tó bá kan ibi fa la la, wọ́n á dákẹ́, gbogbo ilé á yí ojú sí ìka kékeré yẹn.