Wárápá tó bẹ̀rẹ̀ lágbà lè jẹ́ àbímọ́, kì í ṣe àfiṣe

Bí wárápá bá mú géńdé tí kò ṣe é rí, ọ̀rọ̀ ọ̀tá ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí. Wọ́n á ní bó bá jẹ́ àbímọ́ ni, ìbá ti mú un láti kékeré.

Àwọn dókítà ọpọlọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bí mọ́ ènìyàn lè fara pamọ́ sínú ọpọlọ fún ogún ọdún kó tó fara hàn.

Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, àárín ọpọlọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣẹ̀ wá, tí wọ́n á sì rìn lọ sí apá òde, níbi tí kálukú ti ní àyè tirẹ̀. Nígbà mìíràn, àwọn kan á dúró sójú ọ̀nà, tàbí kí wọ́n tò gbòdì. Ó dà bíi wáyà iná tí wọ́n so gbòdì nínú ògiri: ilé lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí iná tó ṣẹ́. Ẹni tó ní in lè kàwé, kó kọ́ṣẹ́, kí wárápá tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá bàlágà tàbí tó lé ní ọmọ 20 ọdún.

Lọ́dún 1971, David Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London kọ nípa ọpọlọ tó tò gbòdì báyìí lára aláìsàn 10 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Lásìkò náà, àfi kí wọ́n la orí kí wọ́n tó rí i. Lónìí, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú orí lè fi hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó kéré ṣì lè fara sin.

Kì í ṣe gbogbo wárápá àgbà ló jẹ́ àbímọ́ o. Ìjàǹbá ọkọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn lọ́rùnlọ́rùn náà lè fà á. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí dókítà yẹ aláìsàn wò.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní bí ìtọ́jú bá péye, nǹkan bí 70 nínú 100 aláìsàn ni wárápá lè má gbé mọ́. Òògùn ojoojúmọ́ ni, a kì í sì dá a dúró láìgbàṣẹ dókítà. Bí òògùn kò bá ká a, iṣẹ́ abẹ lè ran àwọn kan lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má ti ẹsẹ̀ aláìsàn bọ iná, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù, ẹ má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ilé ìwòsàn yá.

Kí a tó máa wá ẹni tó ṣe é, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ohun tó ń ṣe é.