JAMB àti iṣẹ́ olórí tó ń gbé àjọ lọ sórí kọ̀ǹpútà

Olórí tó bá fẹ́ kó iṣẹ́ àjọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò lò ó. Òye yìí ṣe pàtàkì ju ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ, ìrìnàjò JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà, sì fi í hàn kedere.

Lọ́dún 2013, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dibu Ojerinde jẹ́ ọ̀gá àgbà, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ẹni tó bá wù ú ṣì lè ṣe tirẹ̀ lórí ìwé. Ọdún 2015 ni ti orí ìwé tó kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn òbí àti olùkọ́ ti rí àyè mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò fọwọ́ kan máòsì rí. Lẹ́yìn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede gba ipò ní 2016, àjọ náà ṣètò pé bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ti tó: A, B, C àti D fún ìdáhùn, mẹ́rin yòókù fún nǹkan bíi lílọ síwájú, pípadà sẹ́yìn àti fífi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọmọ abúlé náà lè ṣe é nìyẹn. Wọ́n tún fòpin sí káàdì tí wọ́n ń họ, owó sì di ohun tí ojú lè tọpa rẹ̀. Lọ́dún 2017, owó tí JAMB san sápò ìjọba lé ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà.

Oṣù Karùn-ún 2025 ni ìdánwò kan olórí fúnra rẹ̀. Àtúnṣe sí ètò kọ̀ǹpútà ìdánwò, tó yẹ kó wọ inú gbogbo ẹ̀rọ sáfà, kò dé àwọn kan, kò sì sẹ́ni tó rí i kí èsì tó jáde. Ó kan ibùdó 157 ní ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ní gúúsù ìlà-oòrùn, àti akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣáájú èsì ló wá di ohun tí ariwo àwọn òbí fà. Àṣìṣe ńlá ni. Ní ọjọ́ 14, Oloyede dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀, ó sì sunkún. Ọjọ́ 16 ni àtúnṣe ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Àkókò náà kéré jù fún ọmọ tó ti kó ìwé rẹ̀ tì, nítorí náà àjọ náà tún ṣètò òmíràn fún àwọn tí kò lè wá.