Ilé Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà, Tí Òrùlé Rẹ̀ Ń Jò

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ bí ó ti rí láti kó owó ọdún púpọ̀ jọ kí a tó ra ilé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a sábà máa ń rà á, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí a ti fi ọ̀dà tuntun kun ògiri. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ni a tó mọ ohun tí a rà. Omi a bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí ẹní àwọn ọmọ. Ọkọ a ní ìyàwó ló kánjú. Ìyàwó a ní ọkọ kò gbójú sókè wò. Ẹ má jẹ́ kí omi òrùlé di ìjà nínú ilé. Òrùlé tó ń jò ṣe é tún ṣe, bí a bá tọ ọ̀nà rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé omi díẹ̀ ni. Òjò tó ga ní milimita 1 lórí mítà onígun mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Bí òrùlé bá gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 8, òjò milimita 50 yóò da lítà 4,000 sí i lórí. Ìwọ̀nba tó bá gba ihò wọlé ni yóò mú igi òrùlé jẹrà, ibi tó sì tutù ni ikán ń fẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní òru tí omi bá ń kán, ẹ gbé ẹní àti ẹrù kúrò, ẹ fi garawa gbe omi, kí ẹ sì kó ìwé ilé sínú ọ̀rá. Bí omi bá súnmọ́ wáyà tàbí gílóòbù, ẹ pa iná gbogbo ilé. Bí àjà bá wú nítorí omi tó rọ́ sínú rẹ̀, ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ìṣó lu ihò kékeré kan kí omi lè jáde, kí àjà má baà wó lulẹ̀. Ẹ fi èédú sàmì sí ibi tó ń kán. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé nínú òjò: páànù tó tutù ń yọ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyí: ibi tí omi ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tí ó ti ń wọlé. Omi lè wọlé lókè, kí ó rìn lára igi lọ jìnnà kí ó tó kán. Ẹni tó bá sáré da ọ̀dà dúdú sí ọ̀kánkán àmì nìkan yóò náwó lásán.

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, kí ẹnì kan wọ inú àjà lọ́sàn-án láìtan iná, kí ó máa tẹ orí igi nìkan. Níbi tí òrùlé bá ti lu, yóò rí ìmọ́lẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Bí kò bá rí nǹkan kan, kí gbẹ́nàgbẹ́nà rọra da omi sórí òrùlé, láti etí ìsàlẹ̀ lọ sókè, apá kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹlòmíràn máa wò nínú ilé. Ibi tí ó dé tí omi fi wọlé ni àrùn náà wà.

Àwọn àrùn tó wọ́pọ̀ nìwọ̀nyí:

1. Ìṣó. Páànù ní ebè àti poro bí oko. Orí ebè ni a ń kan ìṣó sí, nítorí inú poro ni omi ń gbà. Bí rọ́bà abẹ́ ìṣó bá ti gbẹ tó fọ́, a ó yọ ìṣó náà, a ó fi òmíràn tó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun.

2. Ibi tí páànù gùn lé ara wọn. Ti òkè ló gbọ́dọ̀ gùn lé ti ìsàlẹ̀. Bí wọn kò bá gùn lé ara wọn tó, ìjì yóò ti omi wọlé.

3. Ìpẹtà. Ihò kékeré ṣe é dí. Ṣùgbọ́n bí páànù bá ti ń fọ́ lábẹ́ ìka, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

4. Ibi tí òrùlé ti kan ògiri, àti ewé tó dí ọ̀nà omi. Ẹ máa gbá ewé kúrò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kí ti oṣù kẹsàn-án tó dé. Àkókò yẹn dára fún iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ ńlá, ẹ fi í sí ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹni tó tà á ńkọ́? Ìwé òfin Code civil tí àwọn Faransé ṣe ní 1804, tí wọ́n sì mú wọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n jọba lé, ya àbùkù méjì sọ́tọ̀. Èyí tó pamọ́, ẹni tó tajà ni yóò dáhùn fún un. Èyí tí ojú ẹni tó rà lè rí, kò sí lọ́rùn rẹ̀. Páànù tó pẹtà tí gbogbo àdúgbò ń rí kò pamọ́. Ihò tí a fi àjà tuntun bò lè jẹ́ èyí tó pamọ́. Òfin náà kò sì fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì mú àgbà kan lọ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́tù.

Ẹ̀yin tó ṣì ń wá ilé rà, ẹ mú gbẹ́nàgbẹ́nà tiyín dání lọ wò ó, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ wo àjà bóyá ó ní àmì omi, ẹ fi ọ̀bẹ gún igi wò bóyá ó ti rọ̀. Ẹ má sì ná gbogbo owó yín tán lórí ríra ilé. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òjò ọdún kìíní, nítorí yóò dé dandan.